Bí olùkọ́ tó ń kàwé lọ́wọ́ ṣe lè dán kíláàsì àyídà wò

Ìṣẹ́jú 40 ni pírìọ́dù ìṣirò kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó dìde kí mi, kí wọ́n tó jókòó, kí n tó nu bọ́ọ̀dù tí olùkọ́ tó jáde kò nù, ìṣẹ́jú 5 ti lọ. Nóòtù tí mo ń kọ sójú bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń dà kọ, á gba 20. Màá ṣàlàyé, màá ṣe àpẹẹrẹ méjì, agogo á lù. Ibi tí ìṣirò ti le gan-an, ìyẹn ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ilé la máa ń lé e lọ: "Ẹ ṣe nọ́ńbà 1 dé 10 wá lọ́la." Nílé ọ̀hún, kò sí ẹni tí yóò bi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìdajì ìwé á wá lófìfo, ìdajì tó kù á jọra bí ìbejì.

Ìwé tí mo ń kà ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ni mo fi ń ṣe olùkọ́ kí n tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún B.Ed. (oyè kìíní nínú ìmọ̀ ìkọ́ni) oní-sáńdíwíìṣì, èyí tí à ń lọ nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi gígùn. Wọ́n ní kí kálukú mú ìṣòro kan nínú kíláàsì tirẹ̀ fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí mo gbé e gbà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, títí kan ibi tí mo ti ṣubú, fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní irú ipò yẹn, tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, tí ìwé wà lọ́wọ́ òsì.

Ohun tí à ń yí dà

Bí ènìyàn bá yí agbádá dà, inú rẹ̀ á bọ́ síta. Flipped classroom ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Èmi ń pè é ní kíláàsì àyídà. Àlàyé tí olùkọ́ máa ń ṣe ní kíláàsì á lọ sílé, iṣẹ́ àṣetiléwá á wá sí kíláàsì.

Olùkọ́ kẹ́mísírì méjì, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, ní Woodland Park ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ sórí fídíò nítorí àwọn ọmọ tí eré ìdárayá ń mú pa kíláàsì jẹ. Ṣùgbọ́n ṣáájú tiwọn, láti 1991, Eric Mazur tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Harvard ti ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ka ìwé wá láti ilé. Tí wọ́n bá dé, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kálukú á mú ìdáhùn tirẹ̀, wọ́n á bá ẹni tó jókòó tì wọ́n jiyàn, wọ́n á sì tún dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ti Mazur yìí ni kí ẹ dì mú. Òun ló sún mọ́ wa jù, torí kò pọn dandan kí fídíò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé fídíò ni kíláàsì àyídà, dátà ló máa kọ́kọ́ bá jà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: orí ẹ̀kọ́ kan, kíláàsì kan, ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má yí gbogbo táàmù dà. Ẹ ṣí ètò ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ mú orí kan ṣoṣo tó ní ọ̀nà-ìṣe nínú, tí ọmọ lè gbọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣùgbọ́n tí yóò gba àkókò kó tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Èlé orí owó ni mo mú fún JSS 2. Gbogbo ọmọ ọjà ló mọ ohun tó ń jẹ́ owó yíyá. Ìṣírò rẹ̀ nìkan ló ń dà wọ́n láàmú.

Táàmù kejì ló dára jù. Ìdánwò ìgbéga wà ní táàmù kẹta. Kí ẹ tó fa ìlà sábẹ́ ọ̀sẹ̀ kankan, ẹ gbé kàlẹ́ńdà ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni àti ti ibi tí ẹ ti ń kàwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi kò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì àyídà mi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí mo ní asáínmẹ́ǹtì mẹ́ta láti fi ránṣẹ́, mo sì ń fi ojú oorun gba ohùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àṣẹ

Alábòójútó pírọ́jẹ́ẹ̀tì yín ló kàn, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ bi í bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín ní ìgbìmọ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwádìí kí ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí ẹ bá gbà kí àṣẹ tó jáde, wọ́n lè ní kí ẹ kó o dànù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ sì fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí àwọn òbí fún ìbuwọ́lù. Ọmọdé ni wọ́n. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà kò fẹ́ kí a máa kó ọ̀rọ̀ ọmọdé kiri láìjẹ́ pé òbí mọ̀.

Ẹ fi Yorùbá kọ ti àwọn òbí. Bí ẹ kò bá ṣàlàyé, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé olùkọ́ ti rẹ̀, ó fẹ́ kí ọmọ máa kọ́ ara rẹ̀. Bàbá kan wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà: "Tísà, ṣé ẹ̀ ń gba owó oṣù yín lódidi ṣá?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì mi ní Ọjọ́rú. Ó wá. Kò tún bi mí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí ọmọ nawọ́

Ọmọ tí kò ní fóònù nílé á nawọ́ bí àwọn yòókù bá nawọ́. Ìtìjú ni. Ẹ pín ìwé pélébé tí kò ní orúkọ, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé fóònù tó lè gbé fídíò wà nílé? Ta ló ni ín? Aago mélòó ni ẹni náà ń wọlé? Ṣé ó máa ń jẹ́ kí o fọwọ́ kàn án?

Ìbéèrè kẹta ló là mí lójú. Fóònù wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ọjà ló ń bá màmá lọ, aago 8 alẹ́ ló ń padà, bátìrì rẹ̀ á sì ti kú. Bí kò bá sí iná lálẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ́ pé ó tán nìyẹn.

Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ wo ọmọ tí nǹkan le fún jù ní kíláàsì, kí ẹ ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni kí ó jẹ́ olórí. Fún mi, ìwé ni: ojú ewé kan péré, tí mo fi ọwọ́ kọ, tí mo ṣe fótókópì rẹ̀. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, tí mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí fóònù òbí. Fídíò ló kẹ́yìn, fún ẹni tó bá ní dátà. Ohùn oníṣẹ́jú 5 lórí WhatsApp kì í sábà ju MB kan lọ. Fídíò tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè gba ìlọ́po ogún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó máa ṣe bí oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò ní dátà rárá lè gba fídíò náà láti ara fóònù yín sórí fóònù òbí rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé òbí, láìná kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe ẹ̀kọ́ náà

Ìṣẹ́jú 6 kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń sọ pé "ohun mìíràn tún ni pé", ẹ dúró. Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn.

Èdè ńkọ́? Èmi fi Yorùbá sọ ọ́, mo wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò máa lò lé e lórí. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fún yín nìyẹn bí alábòójútó bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi Yorùbá kọ́ ìṣirò.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́ ṣe lọ: Ìyá Ṣadé yá ₦20,000 fi ra ọjà. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ọgọ́rùn-ún mélòó ló wà nínú ₦20,000? Igba. Igba lọ́nà 5 jẹ́ ₦1,000. Èlé ọdún kan nìyẹn. Ọdún 3 ló fi san án, nítorí náà ₦3,000. Lẹ́yìn tí èyí ti wọ̀ wọ́n létí ni mo tó sọ pé ojú owó ni ìwé ń pè ní "principal", pé ìwọ̀n èlé ni "rate", pé iye ọdún ni "time", kí n tó wá to P, R àti T sórí 100. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ń dá wọn lẹ́rù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fídíò, ẹ to ìwé méjì tó nípọn sórí tábìlì ní ọ̀tún àti òsì, ẹ fi rúlà méjì dábùú wọn, ẹ gbé fóònù lé e kí ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí ẹ wá máa kọ̀wé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ yín ni kí ọmọ rí, kò nílò ojú yín. Aago 5 àárọ̀ ni mo ń ṣe tèmi, kí ẹlẹ́ran tó máa pariwo, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó tan. Àkọ́kọ́ tí mo gbà, jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ọmọ gbọ́, wọn ò gbọ́ èlé.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé tí ẹ pín, ẹ fi ibi tí wọn yóò gé wá sílẹ̀: ìbéèrè kékeré méjì láti inú ẹ̀kọ́, àti ẹ̀kẹta, "Kí ni kò yé ọ?" Pélébé yìí ni ìwé ìwọlé wọn. Ẹ má fún un ní máàkì. Tí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á dà á kọ lára ara wọn lábẹ́ igi máńgòrò ní aago 7:30.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíláàsì fúnra rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Mo ti rí olùkọ́ tó ṣe fídíò mèremère, tó wá dé kíláàsì tí kò mọ ohun tí yóò fi ìṣẹ́jú 40 ṣe, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nóòtù.

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ẹ gba pélébé náà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí ẹ pín in sí mẹ́ta lọ́wọ́ yín: ẹni tó yé, ẹni tí kò yé dáadáa, ẹni tí kò ṣe é. Ẹni tí kò ṣe é kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú 8, kí wọ́n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tún un kọ́. Ohun tó gbé mi ṣubú nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ilé kò pọ̀. Inú bí mi, mo gbá ṣọ́ọ̀kì mú, mo kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó gbọ́ ọ tún dín kù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí ni ọmọ fẹ́ máa gbọ́ sí nílé, nígbà tó ti mọ̀ pé tísà á tún un sọ? Àwọn tó ṣiṣẹ́ wọn sì jókòó, wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fi wọ́n gba ẹ̀tẹ́.

Lẹ́yìn pélébé, ẹ ju ìbéèrè Mazur sílẹ̀. Ọ̀kan tó dára tó ọ̀sán kan. Tèmi rèé: Bọ̀dé yá ₦20,000 pẹ̀lú èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bísí yá ₦20,000 pẹ̀lú èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 6, èlé ta ló pọ̀ jù, àbí ó dọ́gba?

Ọmọ tó bá fi 6 sípò T láì sọ oṣù di ọdún á rí ₦6,000 fún Bọ̀dé, á tún rí ₦6,000 fún Bísí, á fi ìgboyà sọ pé ó dọ́gba. Àṣìṣe náà fara pamọ́ sínú ìdáhùn tó dùn ún wò. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ₦500 ni ti Bọ̀dé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka dáhùn níwájú àyà, ìka 1, 2 tàbí 3, kí ẹnikẹ́ni má wo ti ẹlòmíràn. Ẹ má sọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ ní kí kálukú kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀ tí ìdáhùn wọn kò jọra, kí ó yí i lọ́kàn padà, ìṣẹ́jú 3. Ariwo á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ. Nínú kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló dìde sọ pé, "Ẹ̀yin, ọdún kan lẹ ń sọ, oṣù mẹ́fà ò tó ọdún kan!" Ó tún ní owó tí màmá òun yá, èyí tí àwọn ìyá ọjà ń pè ní gbómúlélántà, irú ti Bísí ni. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Mi ò lè fi ṣọ́ọ̀kì ṣe irú rẹ̀ láyé.

Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì tó kàn yín ṣáájú ọjọ́ náà pé ariwo ń bọ̀. Tèmi rán ọmọ wá bi mí bóyá mo wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 tó tẹ̀ lé e, ẹ pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ kó ìbéèrè tí ẹ̀ bá fi ṣe àṣetiléwá fún wọn. Ẹ rí i pé gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ ń ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á ṣe é, àwọn mẹ́ta á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin, ẹ máa rìn. Ọ̀dọ̀ àwọn tí pélébé wọn ní kò yé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn, kálukú á dá ìbéèrè kan ṣe láìwo ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀rí fún ìwé yín

Bí ẹ kò bá gba ẹ̀rí láti ọjọ́ kìíní, kò sí orí kẹrin, ibi tí èsì ń wà, nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tó kọ̀wé ní 1946 lórí irú ìwádìí yìí tí wọ́n ń pè ní action research, rí i bí ìyípo: ẹ pète, ẹ ṣe é, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ tún pète. Àwọn alábòójútó fẹ́ràn kí wọ́n rí ìyípo náà. Nítorí náà, ẹ ṣètò fún ìgbà méjì, ó kéré tán.

Ìdánwò ṣáájú, ìdánwò lẹ́yìn, ìbéèrè 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìṣòro wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n kí iye owó inú wọn yàtọ̀, torí ọmọ lè há ìdáhùn sórí. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi rọ́pò orúkọ. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ, ibòmíràn ni kí ó wà, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ ní kí olùkọ́ mìíràn bá yín máàkì ìdánwò kejì, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kí nǹkan yọrí sí rere kì í le lórí máàkì.

Lójoojúmọ́, kí ẹ tó jáde ní ọgbà ilé ìwé, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má dúró dé ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn lórí gbómúlélántà, bí n kò bá kọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò ní rántí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, òun sì ni alábòójútó mi kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi kíláàsì mìíràn wéra, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ pín àwọn ọmọ sí kíláàsì, pé àwọn ọmọ kíláàsì méjèèjì jọ ń gbé àdúgbò kan, wọ́n sì lè yá ìwé ẹ̀kọ́ ara wọn. Ẹ má kọ ọ́ pé kíláàsì àyídà dára fún Nàìjíríà. Kíláàsì kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tuntun sì máa ń dùn mọ́ ọmọdé lásán nítorí pé ó tuntun.

Ìyípo kejì

Èrè àti àdánù ni mo mú lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan ṣoṣo ni mo sì yí padà, kí n lè mọ ohun tó fa àyípadà bó bá wáyé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo ń pín ẹ̀kọ́ fún kíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Báyìí, Ọjọ́bọ̀ ni mo ń pín in fún ọjọ́ Ajé, kí ọjọ́ Àìkú tí fóònù màmá wà nílé lè bọ́ sí àárín. Pélébé òfìfo dín kù púpọ̀. Ọmọ mẹ́rin kan náà ni tiwọn ṣì ń padà wá láìkọ nǹkan kan sí i. Mo ti kọ nọ́ńbà wọn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé àkọsílẹ̀ mi, màá sì kàn sí ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ìyípo kẹta tó bẹ̀rẹ̀.